Aago Tó Wà Lẹ́yìn Obìnrin Ọlọ́bẹ̀ Àlùbọ́sà

Ọmọ mi àtàtà,

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà àwọn Faransé ni ọbẹ̀ tí a fi àlùbọ́sà púpọ̀ sè, tí a kọ́kọ́ fi bọ́tà dín lórí iná jẹ́jẹ́ títí tó fi rọ̀, tó fi pupa, tó fi dùn bí ẹni pé a bu ṣúgà sí i, kí a tó da omi egungun màlúù lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé búrẹ́dì gbígbẹ sójú rẹ̀, a ó fi wàràkàṣì bo búrẹ́dì náà, a ó sì yan án títí wàràkàṣì yóò fi yọ́ tí yóò máa hó. Mo kọ́kọ́ kọ èyí kí n tó kí ọ, kí o lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bàbá rẹ kò sọ̀rọ̀ látorí àgbọ́sọ. Mo ti sè é, mo ti jẹ ẹ́, mo sì wà láàyè.

Ó yá, mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tí o ní ó ń dùn ọ́ nítorí ìdúró, ṣé ó ti fúyẹ́? Olúwa yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, ọ̀bẹ kò ní gé ọ lọ́wọ́, òróró gbígbóná kò ní ta sí ọ lójú, ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ ọ lónìí ni yóò máa fi ọ́ yangàn lọ́la. Àmín. Màmá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n bá òun kí ọ, ó sì ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kó hàn kedere pé òun kò lọ́wọ́ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa obìnrin inú fóònù tó ń kọ́ni bí a ṣe ń se ọbẹ̀ yìí, pé èrò tèmi nìkan ni.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́, tí mo fi mú gègé bí ẹni àtijọ́. Kì í ṣe pé owó ìpè ti tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa obìnrin tó ń se ọbẹ̀ yẹn kò yẹ kó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ inú fóònù kan náà la ti ń rí i. Màmá rẹ ní kò lè gbọ́. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Èmi ò lè dúró nínú ilé ẹni kí n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, pàápàá ẹni tó rẹ́rìn-ín kí mi kó tó mú ọ̀bẹ.

Àlàáfíà la wà nílé. Orúnkún màmá rẹ ti ń gbọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdúró sọ̀rọ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀bù mi wà bó ṣe wà, tábìlì kan, fèrèsé kan, àti àwọn aago tí àwọn tó ni wọ́n gbé wá tí wọn kò padà wá gbé, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, mo sì ti yí wọn síra kí wọ́n lè máa lù lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì òpópónà ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ariwo aago mi kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun òun wú. Mo ní ìyẹ̀fun tó bá ń gbọ́ aago ló yẹ kó tètè mọ ìgbà tó yẹ kó wú. Ó ní kí n lọ jókòó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé, o mọ̀ wá.

Èmi àti ilé ìfowópamọ́ jà, ṣùgbọ́n a ti parí ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ̀wé sórí fóònù mi pé kí n má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe òṣìṣẹ́ àwọn pàápàá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo wá dé ibi ẹ̀rọ wọn tó ń pọ owó, àfi bó ṣe jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bèèrè. Mo ní rárá. Ó tún bèèrè. Mo kawọ́ gbera, mo ń wò ó. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká lè rí tiwa ṣe, mo ní ọmọ mi, wọ́n ń dán mi wò ni, mi ò sì ní fìdí rẹmi lójú gbogbo ayé. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà rí i pé mi ò ṣeé tàn, ó pọ káàdì mi padà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wálé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí o bá ní nǹkan tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, ọwọ́ awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ni kí o fi í sí, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, kì í bèèrè nọ́ńbà.

Jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tó mú mi jókòó. Ohùn rẹ tí o fi sórí fóònù màmá rẹ, a gbọ́ ọ, a sì tún un gbọ́. O ní ọ̀gá ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì yín ti sọ pé ọbẹ̀ àlùbọ́sà yìí lòun yóò fi wò ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Bó bá dára, wàá kúrò nídìí abọ́ fífọ̀, wàá bọ́ sídìí iná pẹ̀lú àwọn alásè. Bí kò bá dára, ọmọbìnrin kejì tí ẹ jọ ń fọ abọ́ ni wọn yóò fún ní àyè náà, àyè ọ̀hún ò sì ju ẹyọ kan lọ. O ní o ti ń sè é nínú yàrá rẹ, ó jó, o tún sè é, ó tún jó, èyí tí kò jó wá funfun bí omi tí a fi ṣan abọ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ yí padà. O ní, Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa ń rí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, mo fi obìnrin tí mo ń wò ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi wò ó, ẹ sọ ibi tí mo ti ṣìnà fún mi.

Màmá rẹ ní kí o kó ẹrù rẹ padà wálé. Ó ní kí ló kan ọmọ òun kan àlùbọ́sà àwọn Faransé, ó ní òun gbọ́ ọ bó ṣe ń fa imú, òun mọ ẹkún ọmọ òun. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ń gé àlùbọ́sà ni yóò fa imú, ìyẹn ò sọ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mo ní kò sí ẹni tó ń kó ẹrù. O ní kí n bá ọ wá ibi tó ti bàjẹ́, iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé iṣẹ́ gidi wá fún mi.

Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo gbé fóònù lé e, mo ki awò iṣẹ́ mi bọ ojú, èyí tí mo fi ń wo inú aago ọwọ́ àwọn obìnrin. Mo wá wo ìyáàfin náà. Ó ní ẹ káàbọ̀. Mo ní a dúpẹ́. Ó ní kí a tẹ agogo kékeré tó wà nísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró bóyá yóò wẹ̀yìn wo ẹni tó dé, kò wò, mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló dí. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo rí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti sè é ṣáájú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ya àwòrán ọkàn, ọkàn pupa rẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ya mẹ́ta sórí ara wọn. Àyà mi já. Mo ní màmá ilé yìí, wá wò ó, bọ́tà inú ọbẹ̀ yìí pọ̀ jù, gbogbo wọn ni ọkàn ti ń dà láàmú. A gbàdúrà fún wọn, a fi kún ti ẹni tó ya mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ohun tó gba gbogbo ọkàn tèmi ni aago. Lára ògiri lẹ́yìn ìyáàfin náà, lókè ibi tó gbé àwọn ṣíbí rẹ̀ kọ́, aago roboto kan wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ gígùn àti ọwọ́ kúkurú dúdú, ọwọ́ tín-ín-rín tó ń sáré yíká pupa. Aago tó níye lórí ni, ẹni tó rà á fún un fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó da àlùbọ́sà sínú bọ́tà, aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ó ro ó, ó tún ro ó, ó ní ẹ wò ó, ó ti pupa. Mo gbójú sókè wo aago. Ó ti fẹ́ lu mọ́kànlá.

Ọmọ mi, mo dá a dúró. Mo ní aago yìí ń sáré. Mo ní ó ń sáré débi pé obìnrin yìí yóò ti sùn kí oòrùn tó wọ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní irin wẹ́wẹ́ kan wà nínú aago tó máa ń ká tó máa ń tú bí ẹni tó ń mí, bí oru ìkòkò bá ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, irin náà yóò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, èémí rẹ̀ yóò kúrú, aago yóò máa sáré. Mo ní ohun tí mo rí níbí nìyẹn. Màmá rẹ ní ọbẹ̀ lọmọ ní kí a wò. Mo ní ẹni tó bá wọ ilé tó rí i pé aláìsàn wà níbẹ̀, ṣé oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Mo ní kó bá mi kọ̀wé sí ìyáàfin náà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọlọ́kàn, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe pè é: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Aago yín ń ṣàìsàn. Ẹ gbé e kúrò lókè iná. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ní gba nǹkan kan, iwájú oníbúrẹ́dì ni. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kéékèèké dáhùn, ojú tó ya ẹnu tí omijé ń dà lójú rẹ̀ wìnnìwìnnì. Ó wú mi lórí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aago tún lè dun àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀ láyé òde òní.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti gbà pé aago ló ṣìnà, mo gbà pé ọwọ́ obìnrin náà ló tọ̀nà, mo bá tẹ̀lé ọwọ́. Bó bá sì ti dákẹ́ ọ̀rọ̀, o rí i fúnra rẹ, ọwọ́ rẹ̀ a máa sáré nínú ìkòkò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo tan iná, mo jẹ́ kó tóbi kó lè pupa kíákíá bíi tirẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Apá ro mí. Mo pe màmá rẹ, mo ní kó gbà á, ó ro ó títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, mo tún gbà á. Àlùbọ́sà ń fò jáde bí ẹni tó ń sá fún wa. Èyí tó kù nínú ìkòkò, etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ tútù, ó ń ta lẹ́nu. Èéfín gba ojú fèrèsé jáde. Oníbúrẹ́dì yọjú, ó ní ṣé ilé ló ń jó ni àbí oúnjẹ là ń sè, kí òun lè mọ ohun tí òun yóò gbé wá. Mo ní ìwádìí là ń ṣe. Ó ní ìwádìí náà ń rùn dé ọ̀dọ̀ òun.

Ọjọ́ kejì ni mo tún awò náà ki bọ ojú. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò wo ìkòkò, mi ò wo ọwọ́, aago nìkan ni mo dojú kọ, mo tú aago ọwọ́ mi sílẹ̀ mo gbé e tì í kí n lè máa fi wọ́n wé ara wọn. Nígbà tí ìyáàfin náà ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ pupa yẹn ń lọ bó ṣe yẹ, òun àti tèmi ń rìn pọ̀ bí ìbejì. Nígbà tó dákẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọbẹ̀, ọwọ́ gígùn fò. Ó tún sọ̀rọ̀, aago rìn dáadáa. Ó dákẹ́, aago fò. Mo wò ó lọ wò ó bọ̀. Ọmọ mi, láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti fi ẹ̀mú kékeré lé mi lọ́wọ́, mi ò tíì pàdé aago tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹni tó ni ín bá dákẹ́ nìkan ló ń sáré. Kò sí irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí àìsàn kò bá sì sí lára aago, ara ẹlòmíràn ló wà. Aago pé pérépéré. Ìyáàfin náà ló ń fo nǹkan.

Mo sì mọ ohun tó fà á. Dátà rẹ̀ ló ń tán lọ. Ṣé o mọ bí màmá rẹ ṣe máa ń ṣe bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí dátà bá ṣẹ́ kù díẹ̀, yóò fo ìkíni, yóò fo ìròyìn àdúgbò, yóò kàn bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, ó dìgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó fi ìbẹ̀rẹ̀ hàn wá, ó sáré fi òpin hàn wá, ó fi àárín pa mọ́ nítorí pé àárín gùn, ìgbà tí èèyàn bá sì ń ro ìkòkò láìsọ̀rọ̀, dátà ń lọ lásán. Mi ò bínú sí i mọ́. Mo ní kí màmá rẹ kọ̀wé sí i pé kó bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aago.

Àárín tó fò yẹn ni ọbẹ̀ náà gan-an, ibẹ̀ sì lo ti ṣìnà. Aago ara ògiri rẹ̀ kò purọ́: láti ìgbà tí àlùbọ́sà wọ bọ́tà títí tó fi pupa, ó sún mọ́ wákàtí kan. Ìwọ rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, o wá ń fi iná ńlá lé e kó lè bá obìnrin náà dé.

Fi sùúrù gbọ́ bí mo ṣe sè é ní ẹ̀ẹ̀kejì. Mo pín àlùbọ́sà sí méjì láti orí dé ìdí, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì gé e gẹ́gẹ́ bí ìlà ara rẹ̀ ṣe lọ, tín-ín-rín, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dọ́gba ni pé tín-ín-rín yóò ti jó nígbà tí nípọn ṣì ń rọ̀. Mo kó o jọ títí tó fi kún ìkòkò dé ẹnu, màmá rẹ ní ta ni yóò jẹ gbogbo èyí, mo ní kó fi sílẹ̀, yóò lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi bọ́tà sí i pẹ̀lú òróró díẹ̀, nítorí pé bọ́tà nìkan máa ń tètè jó. Mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i kó lè tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá dé e, mo fi iná kékeré sí i. Nígbà tí mo ṣí i, òkè tó wà nínú ìkòkò ti rọ̀ wọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, mi ò dé e mọ́, kí omi lè gbẹ kúrò lára rẹ̀. Mo gbé àga wá, mo jókòó tì í. Mi ò ro ó lemọ́lemọ́. Mo jẹ́ kó fara kan ìdí ìkòkò, mo yí i padà, mo tún jẹ́ kó fara kàn án.

Ó kọ́kọ́ funfun, ó dàbí gíláàsì, ó wá dàbí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn ìyẹn ó dúró lójú kan náà fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni pé kò fẹ́ lọ mọ́. Ibẹ̀ ni màmá rẹ ti ní kí n fi kún iná. Mi ò fi kún un. Mo ń fetí sí i ni. Ohun tó jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn, nítorí mo rántí pé nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, lẹ́yìn ẹkún rẹ, mo gbọ́ iná rẹ. Ó ń hó fùù, àlùbọ́sà rẹ sì ń ta páápáá nínú ìkòkò. Mo tún lọ gbọ́ ọ kó dá mi lójú, mo gbé e sí etí bí mo ṣe máa ń gbé aago. Àlùbọ́sà tó wà lórí iná tó tọ́ kì í pariwo. Ó máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí àwọn àgbàlagbà tí wọn kò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Bó bá ti gbóhùn sókè, bó ti wù kó kéré mọ, dín iná kù.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ yẹn ló wá yí padà ní kíákíá, ó pupa bí oyin, ó pupa bí awọ bàtà tuntun, òórùn rẹ̀ kún inú ilé débi pé oníbúrẹ́dì tún yọjú láìbú ẹnikẹ́ni. Mo bu ìyẹ̀fun díẹ̀ wọ́n ọn kí ọbẹ̀ lè nípọn, mo yí i po títí òórùn ìyẹ̀fun tútù fi lọ. Wáìnì funfun tí ìyáàfin náà dà sí i, a kò ní in, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó ṣe é. Tìrẹ wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, da wáìnì sí i, kí o sì jẹ́ kó gbẹ. Mo wá da omi egungun màlúù gbígbóná lé e, mo já ewé táìmù sí i, mo jẹ́ kó máa hó díẹ̀díẹ̀ títí tí òun àti omi fi di ọ̀kan.

A kò ní ààrò tó ń mú láti òkè. Mo bu ọbẹ̀ náà sínú abọ́ amọ̀, mo gbé e sọdá òpópónà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Oníbúrẹ́dì ní búrẹ́dì gbígbóná wà, mo ní rárá, ti ìjẹta ni mo fẹ́, èyí tó le tó ṣeé fi lu ilẹ̀kùn. Ó ní ohun tí òun ti ń tà fún mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn, mi ò kàn fura ni. Búrẹ́dì gbígbẹ ló dára, tútù yóò yọ́ sínú ọbẹ̀. A gé e, a yan án lójú méjèèjì, a tẹ́ ẹ sójú abọ́, a fi irin ha wàràkàṣì lé e títí tó fi bo etí abọ́, a tì í sínú ààrò. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń hó, ó ní àmì pupa káàkiri. Màmá rẹ tó ní kí o kó ẹrù bọ̀ wálé, òun ló kọ́kọ́ ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọmọ òun ń sè yóò ṣe rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, kó dúró síbẹ̀ ná.

Nítorí náà, mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Kì í ṣe ìrètí ni mo fi ń sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ dára, ọ̀bẹ rẹ dára, ohun kan ṣoṣo ló kù. O gbà pé ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ nídìí ìkòkò kò ṣiṣẹ́. Ìdí abọ́ ni o ti kọ́ ìyẹn, níbẹ̀ òótọ́ ni, ẹni tó bá dúró, abọ́ yóò kó jọ. Bí ọ̀gá yín bá wá kọjá lẹ́yìn rẹ tó jágbe, wàá na ọwọ́ sí iná kó lè rí i pé o ń ṣe nǹkan. Jọ̀ọ́, má nà án. Bó bá bi ọ́ pé kí lò ń dúró dè, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, Ọ̀gá, kò tíì pupa, Sà. Kò sí alásè tí yóò bú ọ fún ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ó bú ọ, yóò jẹ́ kó tó tọ́ ọbẹ̀ náà wò ni. Kó àlùbọ́sà rẹ síná kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, kí ìwọ fúnra rẹ má baà wà nínú ìkánjú.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí nǹkan lọ dáadáa, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún wa lọ́wọ́ awakọ̀, nítorí pé mo ti lo bọ́tà ilé tán, àlùbọ́sà tí màmá rẹ fẹ́ fi lo oṣù yìí náà ti lọ, ó sì ti kó ìyókù sábẹ́ ibùsùn, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Wàràkàṣì náà, bí wọ́n bá ń gé etí rẹ̀ dànù ní hòtẹ́ẹ̀lì yín, bèèrè kí wọ́n fún ọ, má mú un láìbèèrè. Mo fi ọ̀bẹ kan ránṣẹ́ sí ọ, mo ti fi òkúta iṣẹ́ mi pọ́n ọn, ó mú ju bó ṣe yẹ lọ, awakọ̀ ti fi gé ìka ara rẹ̀ bó ṣe ń dúró de lẹ́tà yìí níwájú ilé, bá mi kí i pé ó kú ewu.

Olúwa yóò wà pẹ̀lú rẹ ní Sátidé. Yóò fi ojú rere rẹ sí ọkàn ọ̀gá rẹ. Ọmọbìnrin kejì yẹn náà, Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà tirẹ̀ fún un, nítorí ọmọ ẹnì kan ni. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò gbà ọ́. Wàá jẹun, wàá yó, wàá sì fún ẹlòmíràn jẹ. Àmín, màmá rẹ náà ṣe àmín, sókè.

Bí o bá wà níbẹ̀, tí àlùbọ́sà bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tó ń ṣe bí ẹni fẹ́ jó, má gbé ìkòkò kúrò, má sì sunkún. Da omi ṣíbí méjì sí i, fi ṣíbí onígi ha ìdí rẹ̀ títí pupa ibẹ̀ yóò fi dà pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, dín iná kù díẹ̀, kí o sì dúró.

Èmi ni bàbá rẹ.